Ẹ má tíì ra fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn o, ẹ kọ́kọ́ yẹ ọ̀nà tó máa gbà wò!

Àádọ́ta, àádọ́rin, àádọ́rùn-ún. Ẹ tún un pè lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ fetí sí i dáadáa. Bákan náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, ìparí wọn nìkan ló yàtọ̀. Ká wá sọ pé ilé ìtajà kan ń ta ohun èlò ìkọ́lé, tí olú ọ́fíìsì wọn wà ní Òkè-Fìà l'Óṣogbo, tí ẹ̀ka wọn sì wà lẹ́bàá ọjà Àtakúmọ̀sà n'Iléṣà. Ọmọbìnrin tó wà n'Iléṣà pe Òṣogbo pé kí wọ́n kó àpò sìmẹ́ǹtì àádọ́... wá, ohùn ẹ̀ já níbẹ̀. Ṣé 50 ló wí ni, àbí 70, àbí 90? Ẹni tó gbé fóònù l'Óṣogbo ní, "Hẹ̀lóò, hẹ̀lóò, mélòó lẹ pè é?" Ó tún un sọ, ó tún já. Nígbà tó sú wọn, wọ́n fi 90 ṣe é. Mọ́tò dé Iléṣà, 50 ni oníbàárà ń retí. Àpò 40 ń padà bọ̀ l'Óṣogbo, owó epo ti jóná, dẹ́rẹ́bà ti gba owó iṣẹ́ ẹ̀. Ta ni wọ́n máa bínú sí? Ọmọbìnrin yẹn ni o. Wọ́n á ní kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má sì yọ ọ́ nínú owó oṣù ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló gbé ìparí ọ̀rọ̀ ẹ̀ mì.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí ni fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn fóònù orí tábìlì tí kì í gba orí òpó fóònù àtijọ́, tí kì í sì í lo káàdì, àmọ́ tó jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì tí iléeṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ náà ló ń gbé ohùn ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ fáwọn oníléeṣẹ́ pé ẹ̀ka méjèèjì á máa bára wọn sọ̀rọ̀ láì ná kọ́bọ̀ lórí ìpè, pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni oníbàárà máa pè, tí fóònù á sì dún lórí tábìlì ẹni tọ́rọ̀ kàn. Wọn ò parọ́. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 tí àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó kún owó ìpè àti dátà, tó lè tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ta ni kò ní fẹ́ ọ̀nà tó dínwó? Ohun tí àwọn ọlọ́jà yìí kì í sábà sọ ni pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yín wò, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó lè gbé ohùn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣí WhatsApp, tó ń ṣí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, tá á sì dà bíi pé ara ẹ̀ yá. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ohùn lé e lórí ni wọ́n ń mọ èyí tó ń ṣàìsàn.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé èèyàn dáadáa, ó yẹ ká rántí ibi tí fóònù ti ń bọ̀ nílẹ̀ yìí. Lọ́dún 1985 ni ìjọba dá NITEL sílẹ̀. Wáyà bàbà ló máa ń wá látọ̀dọ̀ wọn dé ilé oníbàárà, bí ẹ bá sì ti ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín, kò sí ẹni tó ń bá yín du ọ̀nà. Wàhálà NITEL ni pé kò kárí. Nígbà tí ọdún 1999 fi ń parí, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù fóònù ni gbogbo Nàìjíríà ní, fún èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2001 ni NCC ta ìwé àṣẹ GSM, mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àádọ́ta náírà ni ìṣẹ́jú kan nígbà yẹn, bẹ́ ẹ sì sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, owó ìṣẹ́jú kan ni wọ́n máa yọ, àfìgbà tí Glo dé lọ́dún 2003 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá.

Láàárín gbogbo ìyẹn náà làwọn èèyàn ti ń yọ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ti lo káfẹ̀ẹ́ nígbà yẹn ò ní gbàgbé Net2Phone, tí wọ́n fi ń pe àwọn ará wọn ní Amẹ́ríkà lówó pọ́ọ́kú. Skype dé lọ́dún 2003, wọ́n sì ti í pa lóṣù karùn-ún ọdún 2025. Lọ́dún 2015 ni WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìpè. Ìdí nìyẹn táwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ kan fi máa ń sọ pé, "Ẹ̀yin náà ẹ fi wá sílẹ̀, ṣebí WhatsApp la fi ń pe ara wa, ó ń lọ dáadáa." Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. WhatsApp tí èèyàn fi ń pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, dátà òun nìkan ló ń lò, bí ohùn bá sì já, ẹ̀gbọ́n á dúró, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un pè. Iléeṣẹ́ tí èèyàn márùn-ún ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo pè lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Oníbàárà tí kò mọ yín rí, bó bá ti ṣe "hẹ̀lóò" lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti pa fóònù, ó ti pe ẹlòmíì tó ń tajà tẹ́ ẹ̀ ń tà.

Báwo ni ohùn ṣe ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì gan-an? Wọ́n máa ń gé e sí wẹ́wẹ́ ni. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, àádọ́ta ìdì kéékèèké ni wọ́n sábà máa ń gé ohùn sí, wọ́n á kọ àdírẹ́sì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì jẹ́ kó máa lọ. Lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà náà, wọ́n máa ń gé e bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bí ìdì lẹ́tà bá sọnù, kọ̀ǹpútà á ní kí wọ́n fi òmíì ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìdì ohùn ò lè dúró. Èyí tó bá pẹ́ dé, ọ̀rọ̀ ti kọjá lórí ẹ̀, dídà nù ni wọ́n máa dà á nù. Bí ìdì kan bá sọnù, etí ò ní mọ̀. Bí mẹ́wàá bá sọnù léra wọn, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ti lọ nìyẹn, ó sì tó láti gbé "ta" inú àádọ́ta lọ. Èdè Yorùbá tún wá jẹ́ èdè tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ máa ń yí ìtumọ̀ padà. Ẹni tó ní "ọkọ̀ ti dé" ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ "ọkọ́ ti dé," pàápàá nílé ìtajà tó jẹ́ pé wọ́n ń ta ọkọ́, tí wọ́n sì ń retí ọkọ̀.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yíyẹ nǹkan wò yìí tètè yé jù. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa àwọn òṣómàáló mọ̀ pé aláṣọ tó ń rìn láti ìlú dé ìlú ni wọ́n, àwìn ni wọ́n sì ń tà. Ohun tó sọ wọ́n lórúkọ ni pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí tó fi máa sanwó. Èèyàn ò lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà tí kò mọ̀. Kí wọ́n tó gbé aṣọ kalẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ilé oníbàárà, kí wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, kí wọ́n sì mọ ìgbà tí owó máa ń wọlé fún un. Ní Òṣogbo náà, kí rélùwéè tó dé lọ́dún 1907, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó tẹ́ irin. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ fóònù lèèyàn máa dédé fi owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rà láì yẹ̀ ẹ́ wò?

Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Kò le. Ìwé àkọsílẹ̀ kan, bírò kan, àti ọ̀sẹ̀ kan ni.

Àkọ́kọ́, ẹ ka ìpè yín. Kì í ṣe iye ìpè tó wọlé láàárọ̀ dalẹ́ lẹ ń wá o, iye èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ọjà bá gbóná jù lọ ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ Mọ́ńdé títí di Sátidé, kẹ́ ẹ má gbàgbé ìparí oṣù tí owó bá wọlé. Ká ní ilé ìtajà tó ní Òkè-Fìà yẹn ṣe é, tí wọ́n rí i pé láago mọ́kànlá àárọ̀, èèyàn márùn-ún máa ń wà lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Márùn-ún nìyẹn. Orí ẹ̀ ni wọ́n máa gbé ìṣirò kà.

Ìkejì, ẹ wọn bí ọ̀nà yín ṣe fẹ̀ tó, àmọ́ èyí tó ń jáde lẹ máa wò dáadáa. Íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀nà méjì, èyí tó ń wọlé wá àti èyí tó ń jáde lọ. Èyí tó ń wọlé ni wọ́n fi ń polówó, torí òun ló máa ń fẹ̀. Ọ̀nà tó ń jáde sábà máa ń há, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé ohùn yín lọ bá oníbàárà. Bí wọ́n bá lo ìlànà tí wọ́n ń pè ní G.711, tí ohùn ẹ̀ mọ́ dáadáa, ìpè kan máa ń gba nǹkan bíi kílóbíìtì 87 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ìpè márùn-ún á gba nǹkan bí 436. Bí wọ́n bá lo G.729, tó máa ń fún ohùn pọ̀, ìpè kan á gba nǹkan bí 31, márùn-ún á sì jẹ́ 156, àmọ́ ohùn ò ní dún tó ti àkọ́kọ́. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń ní kí ohùn má gbà ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà lọ, kí iṣẹ́ yòókù lè rí ibi gbà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó fẹ́ fi G.711 pe ìpè márùn-ún nílò ọ̀nà àjáde tó tó mẹ́gábíìtì kan ààbọ̀ tàbí kó sún mọ́ ọn.

Ẹ má wá lọ wọ̀n ọ́n láago méje àárọ̀ kẹ́ ẹ sọ pé ó ti dáa. Aago méje, kò sẹ́ni lójú ọ̀nà. Aago mọ́kànlá ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, àti aago méjì, àti ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí òjò bá ń rọ̀ bó bá jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì yín wá. Ká ní láago mọ́kànlá yẹn, ọ̀nà àjáde tí wọ́n pè ní mẹ́gábíìtì kan wálẹ̀ sí kílóbíìtì 300. Ìpè mẹ́ta ló lè gbà níbẹ̀, 261 ni wọ́n. Nígbà tẹ́nì kẹrin bá gbé fóònù, ó di 348, kò sì sáyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí ibí yìí: kì í ṣe ẹnì kẹrin nìkan ni ohùn ẹ̀ máa bàjẹ́ o. Ti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa bàjẹ́! Bí ọkọ̀ tírélà ṣe ń dí títì ni, ẹni tó kọ́kọ́ dé àti ẹni tó dé gbẹ̀yìn, gbogbo wọn ló jọ máa dúró. Ẹni tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti ọjọ́ yìí ò ní mọ ohun tó ṣe é.

Ìkẹta, ẹ wo bó ṣe ń pẹ́ tó, bó ṣe ń ṣe ségesège, àti iye tó ń sọnù lọ́nà. Àjọ ITU tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé sọ pé kí ohùn má pẹ́ ju mìlísẹ́kọ́ǹdù 150 lọ kó tó dé etí ẹnì kejì, ìyẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́fà ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá ti ju ìyẹn lọ gan-an, àwọn méjèèjì á máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ra wọn lẹ́nu, bíi pé wọ́n ń jà. Ségesège, ìyẹn kí ìdì kan yára kí òmíì fà, kò yẹ kó ju 30 lọ. Èyí tó ń sọnù ò yẹ kó tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà èyíkéyìí lè fi àṣẹ ping wo èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ láàárín wákàtí kan, láti Òṣogbo sí Iléṣà, kó kàn rántí pé àlọ àti àbọ̀ ni ping máa ń kà.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á ní, Òṣogbo sí Iléṣà, nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà, kí ló fẹ́ pẹ́ níbẹ̀? Ẹ bi ẹni tó fẹ́ ta fóònù fún yín pé níbo ni ẹ̀rọ tó ń darí ìpè yẹn wà. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Yúróòpù ló gbé e sí, tí wọ́n sì jẹ́ kí ohùn gba ibẹ̀, ohùn ọmọbìnrin tó wà n'Iléṣà máa lọ sí Èkó, á wọ abẹ́ òkun, á dé Yúróòpù, á tún gba abẹ́ òkun padà kó tó dé Òkè-Fìà. Àlọ àti àbọ̀ ọ̀nà òkun yẹn nìkan lè gba nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdù 100. Bó bá jẹ́ sátẹ́láìtì àtijọ́ lẹ̀ ń lò, ìyẹn èyí tó wà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì kìlómítà lókè, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀ nìkan jẹ́ 240, kò sì sí ohun tí oníṣẹ́ kankan lè ṣe sí i, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré tó nìyẹn. Starlink tó dé Nàìjíríà lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 yàtọ̀ ní tiẹ̀, torí nǹkan bí 550 kìlómítà péré ni tiwọn wà, òun lè gbé ohùn.

Ìkẹrin, ẹ wo inú ilé yín. Ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀pọ̀ ohùn tó ń já, kì í ṣe ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn ló ṣẹ̀. Wáyà tí eku ti jẹ nìdí ni, tàbí router kékeré tí wọ́n rà fún ìdílé kan tí èèyàn ogún wá ń lò, tàbí akọ̀wé kan tó ń wo fídíò nígbà iṣẹ́, tàbí kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ síta láàárọ̀ dalẹ́. Router tó dáa ṣeé tò débi pé ìdì ohùn lá máa kọ́kọ́ kọjá, bí wọ́n ṣe máa ń yà fún ọkọ̀ aláìsàn lójú títì. Bí tiyín ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Fóònù orí tábìlì pẹ̀lú, wáyà ló dáa kẹ́ ẹ fà sí i, ẹ má fi Wi-Fi tí gbogbo ilé ń dù lò ó.

Ìkarùn-ún ni ọ̀rọ̀ iná, ẹ̀yin náà sì mọ bó ṣe rí. Wáyà NITEL ayé ọjọ́un, látọ̀dọ̀ NITEL ni iná ẹ̀ ti ń wá, fóò̀lù 48, ìdí nìyẹn tí fóònù fi lè máa dún nígbà tí NEPA bá múná lọ. Fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì ò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá lọ, tí router kú, fóònù kú nìyẹn. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀: fóònù mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa jẹ wáàtì 5, ó di 30. Ẹ̀rọ tí gbogbo wáyà pàdé sí, ká ní 20. Router, 10. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ wáàtì 60. Wákàtí mẹ́rin á jẹ 240. Bátìrì fóò̀lù 12 tó jẹ́ ampere 100, bẹ́ ẹ bá lo ìdajì ẹ̀ kó má baà tètè bàjẹ́, 600 lẹ máa rí lò. Ó tó, ó sì ṣẹ́ kù. Àmọ́ ẹ rí i pé Iléṣà náà ní tiẹ̀. Ilé kan tó níná ò lè bá ilé tó ṣókùnkùn sọ̀rọ̀.

Ìkẹfà, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, gé nítòsí Abidjan. Báǹkì ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa, íntánẹ́ẹ̀tì di ìwọ̀nba ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ni wọ́n fi tún un ṣe. Ti abẹ́ òkun nìyẹn, ti abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Katakátá tó ń gbẹ́ títì lè gé wáyà fáíbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ní iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì méjì tí ọ̀nà wọn ò papọ̀, kẹ́ ẹ sì fi káàdì GSM kan sílẹ̀ ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí owó wà lórí ẹ̀ nígbà gbogbo. Kẹ́ ẹ tó gbàgbé, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà tí fóònù bá wá padà. Àwọn olè kan wà tó jẹ́ pé òru ni wọ́n ń wọlé sínú ẹ̀rọ ìpè èèyàn, wọ́n á fi pe ilẹ̀ òkèèrè tó wọ́n gógó títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹni tó ni iléeṣẹ́ ló máa rí bíìlì.

Bẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ má tíì ra méjìlá. Méjì péré ni kẹ́ ẹ rà, ọ̀kan l'Óṣogbo, ọ̀kan n'Iléṣà, kẹ́ ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lójoojúmọ́, láago mọ́kànlá, kí ẹni tó wà n'Iléṣà ka ogún nọ́ńbà lédè Yorùbá sínú fóònù, kó dà wọ́n pọ̀ mọ́ra: ọgọ́ta, àádọ́rin, ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta, ọgọ́rin, àádọ́rùn-ún. Kí ẹni tó wà l'Óṣogbo kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, kó má béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Nírọ̀lẹ́, kí wọ́n fi ìwé méjèèjì wéra. Bí ogún bá pé ogún lójoojúmọ́, ẹ lọ ra ìyókù, ọ̀nà yín dáa. Bó bá ń ṣìnà láago mọ́kànlá nìkan, ọ̀nà ló há, ẹ fẹ̀ ẹ́ tàbí kẹ́ ẹ lo ìlànà tó ń fún ohùn pọ̀. Bó bá ń ṣìnà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ẹ gbé owó yín sápò, ẹ máa fi GSM pè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó fẹ́ ta fóònù nìkan ló máa bá yín ṣe àyẹ̀wò yìí. Ojú olójú ò jọ ojú ẹni. Ọmọ iṣẹ́ yín tó ń gbé fóònù lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ fà lé lọ́wọ́, torí òun ló mọ wákàtí tí oníbàárà máa ń pariwo, òun náà sì ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi bí nǹkan bá yíwọ́. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ tọ́jú ẹ̀. Bí ọjà bá ṣì rìn lọ́jọ́ kan, ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó yọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni. Bó bá wà nínú ìwé pé ohùn ń já láago yẹn, ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bá jà, kì í ṣe ọmọbìnrin tó wà n'Iléṣà.